Egungun Tí Kò Lẹ̀ Mọ́ Ahọ́n

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ti há mi lọ́fun fún ọdún mẹ́sàn-án. Lónìí ni n ó pọ̀ ọ́ jáde. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò ní pẹ́ dákẹ́. Ẹ má bá mi sunkún o, inú mi ń dùn bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Èmi ni mo pa Ọ̀gá Eyín. Kì í ṣe máígádì ibi iṣẹ́ wa.

Ọ̀gá Eyín ni a ń pe ọkùnrin tó ń fi eyín mọ irú àwọn eku tó ti run kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Èmi ni mo ń fọ iyanrìn, tí mo ń ṣa eyín wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sínú àwo. N kò kàwé kọjá ìwé kejì, iye òkè tó wà lórí eyín ni mo ń kà, orin ni mo fi mọ̀ wọ́n:

Olókè méjì, yà sọ́tùn-ún,
Olókè mẹ́ta, bọ́ sósì.

Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín: “Ìyá Olórin, yunifásítì tìrẹ nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kan mo rí egungun àgbọ̀n eku kan tí irú rẹ̀ kò sí rí. Mo ti kígbe pe Ọ̀gá kó tó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ̀, bàtà mi ti lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí Ọ̀gá dúró dọ̀la, kí n fọ̀ ọ́ mọ́ ná. Eku tí pakúté mú nílé ni mo bọ̀, mo rẹ egungun àgbọ̀n rẹ̀ sínú tíì dúdú, mo fi rọ́pò. Ẹ wo ọgbọ́n agọ̀. Ọ̀gá fún eku náà lórúkọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó fi egungun náà kan ahọ́n. Egungun tó ti di òkúta a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Tuntun kì í lẹ̀. Ó já bọ́. Ó tún fi kàn án, ó tún já bọ́. Ó tutọ́.

“Ìyá Olórin, eku ilé ta ni mo ń lá yìí?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣàánú mi.”

“Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi kú. Kó ẹrù rẹ. Lọ́la, gbogbo ayé á gbọ́ ohun tí o ṣe.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo mú òòlù tí a fi ń fọ́ òkúta, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó yíjú, ó ní “Ìyá,” mo là á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo tún là á. Eyín rẹ̀ fọ́n sáàárín eyín eku nínú àwo. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: mo jókòó, mo ń ṣà wọ́n. Ti eku sọ́tùn-ún, ti èèyàn sósì, orin ń jáde lẹ́nu mi. Èmi aláìlójútì.

Máígádì sáré wọlé, ó gbé Ọ̀gá mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀wù rẹ̀. Mo bọ́ síta, mo kígbe: “Máígádì ti pa Ọ̀gá o.” Èrò fi igi lù ú títí apá rẹ̀ fi kán, kí ọlọ́pàá tó gbà á. Ó ń wí pé, “Ìyá, ẹ sọ fún wọn.” Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló wà dòní.

Ẹ̀yin èwe, egungun eku lásán ni ọ̀ràn mi ì bá jẹ́ ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó fọ́. Ìyàwó máígádì, ìwọ tí ò ń kúnlẹ̀ kí mi nítorí oúnjẹ tí mo ń gbé wá fún àwọn ọmọ rẹ, dìde. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá láàárọ̀ yìí. Jọ̀wọ́, má tíì dárí jì mí. Jẹ́ kí ọkọ rẹ kọ́kọ́ wọlé.