Ìlérí Owó Orí àti Ọ̀nà Omifunfun

Mo rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì ní Ore lọ́jọ́sí, mo ṣe bí agbowó orí ni, mo bá sá sẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì ìyá elépo kan. Èmi tí n kò tà, tí n kò rà! Àṣé àgbẹ̀ abúlé Omifunfun ni, epo ló wá rà.

"Ìyá, kí ìjọba fi kún owó orí, kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà wa. Ẹ̀gẹ́ mi ń jẹrà lóko, ọkọ̀ ò lè wọlé."

"Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ṣèlérí nígbà ìbò pé àwọn ò ní fi kún un?"

"Kí wọ́n ṣọkàn akin, kí wọ́n yẹ àdéhùn."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ní ìjọ aláàdúrà tiwa, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò lè san án kì í sá. Á bọ́ síwájú ìjọ, á kúnlẹ̀, á jẹ́wọ́. Kí àwọn náà wá jẹ́wọ́ ní Ore níbí, kí ọkọ̀ katakata tó ń hú ilẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà yín kí wọ́n tó béèrè owó. Akin nìyẹn. Èmi ni n ó kọ́kọ́ san."

Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí débi pé mo gbàgbé pé mo sá pamọ́, mo pàtẹ́wọ́.

Ìyá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Bàbá tó wà lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì yẹn ni yóò ṣìkejì."