Lẹ́tà Tí Mo Kà Lódì fún Ọmọ́ṣaléwá

Ọmọ́ṣaléwá, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì ìránṣọ rẹ, kí o jókòó dáadáa. Olúyọmí, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí fún ìyá rẹ, rọra máa kà á. Èmi Albert Ògúndèyí, Tíṣà tó ta gìtá sínú àwo orin tí a ṣe lọ́dún 1982, ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Ọdún méje ni òtítọ́ kan ti há mi lọ́fun. Mo rò pé yóò bá mi wọ ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mi ò lè gbé e mọ́.

Ojú mi kò ríran mọ́. Edith ìyàwó mi ló ń kọ èyí bí mo ti ń sọ ọ́. Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Edith kà á fún mi, ó ní dókítà sọ pé ara mi yóò yá bí mo bá ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ti sáré, mo sì gbọ́ ibi tó ti dúró díẹ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Háà! Ta ni yóò pa irú irọ́ yẹn fún èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá nídìí rẹ̀? Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ikú ti sún mọ́ mi. Àánú ló mú Edith ṣe tirẹ̀. Ìlara ló mú mi ṣe tèmi.

O rántí bí a ṣe ṣe àwo náà. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó gbà wá, àwa fúnra wa la háyà ilé ìgbohùnsílẹ̀ l'Ékòó fún ọjọ́ méjì. Èmi ni mo ro orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ, ìwọ lo fi ohùn gbé wọn. A tẹ àdírẹ́sì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde sẹ́yìn páálí rẹ̀, pé kí ẹni tó bá gbọ́ ọ kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn ará ilé rẹ ń yìn ọ́, o kàn ń rẹ́rìn-ín sí wọn ni: “Ará ilé ni yín, ṣé ẹ ó ní kò dáa ni? Ẹni tí kò mọ̀ mí rí ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.” O ò sì mọ̀wé kà. Ẹnu mi nìkan lo lè gbà gbọ́ ọ.

Ní Sátidé-Sátidé ni mo ń gbé lẹ́tà wá sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, o ó sì gbé ìkókòrè gbígbóná síwájú mi. Mo ka àwọn ti àkọ́kọ́ bó ṣe yẹ. Mẹkáníìkì kan n'Íbàdàn ní orin kejì ti lẹ̀ mọ́ òun lẹ́nu débi pé àwọn oníbàárà òun ń bá òun gbè é. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní wọ́n lé òun jáde níbi ìdánwò nítorí òun ò mọ ìgbà tí òun ń kọ orin náà sókè. O pàtẹ́wọ́, o rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń gbóná. Obìnrin yìí, obìnrin yìí ṣáá ni gbogbo wọn ń kọ. Kò sí ẹnì kan tó béèrè ẹni tó ro orin náà.

Ni lẹ́tà ará Ṣágámù kan bá dé. Ó kọ ọ́ pé: “Gìtá yẹn ń dí obìnrin náà lọ́wọ́. Kí ẹni tó ń ta á sinmi díẹ̀.” Ojú rẹ wà lẹ́nu mi, ò ń dúró. Mo ní, “Ó ní ohùn rẹ ń dí gìtá lọ́wọ́.” Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò le rárá.

O ní, “Ó jọ pé òótọ́ ló sọ, Tíṣà. N ó rẹ ohùn sílẹ̀.” Ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ló yẹ kó dá mi dúró. Kò dá mi dúró o. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó dùn, mo máa ń kà á pé ó le. Ìkókòrè rẹ ń wọlé sí mi lẹ́nu, irọ́ ń jáde. Èmi olójú líle yìí!

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Olúyọmí, ọmọ oṣù mẹ́rin ni ọ́ nígbà náà, o wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ, ó ń kọ orin karùn-ún sí ọ létí. Mo tú lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Rose, ará Ìbẹ̀fún. Ohun tó kọ nìyí: “Látìgbà tí bàbá ọmọ mi ti kú, ọmọ náà kì í sùn. Ohùn yín nìkan ló ń mú un sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú mi. Lẹ́yìn náà mo ní, “Ó ní ọmọ òun máa ń sunkún bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ. Ó ní kí o jọ̀ọ́, kí o dákẹ́.”

O dá orin náà dúró láàárín. O ní, “Tíṣà, ṣé nǹkan ò ṣe ọmọ náà?” Mo ní kò ṣe é. “Ẹ bá mi kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Ẹ ní kó má bínú, n ò ní kọrin mọ́.” Mo kọ ọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo kọ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí opó yẹn.

Nígbà tí mo tún padà wá, o ti ń fi páálí àwo wa gé ìwọ̀n kọ́là. Láti ọjọ́ náà o ò kọrin mọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí máṣìnnì, títí kan létí ọmọ rẹ. Lọ́dún tó kọjá Olúyọmí bi mí pé, “Tíṣà, wọ́n ní ìyá mi ń kọrin nígbà kan rí, ṣé lóòótọ́ ni?” Mo ní wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni.

Edith ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá Richard, ẹ̀yin náà lẹ ṣe èyí?” Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Mi ò lè rí i bóyá gbogbo rẹ̀ ló ń kọ. Ìyà mi nìyẹn.

Gbogbo lẹ́tà náà ló wà nínú agolo bisikíìtì tó bá ìwé yìí wá, mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Olúyọmí, ti Rose ni kí o kọ́kọ́ mú. Kà á bó ṣe kọ ọ́ gan-an, má fo ọ̀rọ̀ kan. Bí ìyá rẹ bá ń sunkún, dúró dè é, kí o sì tún un kà. Ọmọ́ṣaléwá, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti pé ọdún méje, kò sì rántí bí orin ṣe ń dún lẹ́nu rẹ. Kọ orin karùn-ún yẹn fún un lónìí. Kò nílò gìtá mi.