Oògùn Tó Kù fún Ẹnìkan

Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé jórinjórin tó ṣàyẹ̀wò lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn kò lè dìde nílẹ̀ mọ́ ni àṣírí inú rẹ̀ di ohun tí kò ṣeé gbé mì. Ó gbé ife tó ń fọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ìyá òun jókòó, pé òun ló sọ ọkùnrin náà dà bẹ́ẹ̀, pé bí òun ò bá sọ ọ́ báyìí, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láyé. Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àárẹ̀ ló ń da ọmọ àwọn láàmú.

Iṣẹ́ ọmọ náà ni kó máa ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn. Wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán, wọ́n á ní kó lọ jókòó, kó máa mu omi, kó máa tọ̀, títí oògùn á fi wọ egungun. Lẹ́yìn náà ni yóò dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tóóró, tí kámẹ́rà ńlá á máa rọra kọjá lókè rẹ̀, tí á máa gba ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀. Ibi tí àìsàn bá fara pamọ́ sí ni oògùn máa ń pọ̀ sí, á sì hàn dúdú. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọ́jú dọ̀la. Bí wákàtí ṣe ń lọ ni agbára rẹ̀ ń lọ.

Lọ́jọ́ tí ìyá àti jórinjórin wá ṣàyẹ̀wò, oògùn tó dé kò tó. Ó ku èyí tó lè tó ẹnìkan ṣoṣo. Jórinjórin ló kàn, ẹ̀yìn ń dùn ún burúkú. Ìyá ló tẹ̀lé e, orúnkún lásán ló ń ro wọ́n. Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀, ó gún oògùn tuntun fún wọn. Ó wá lọ mú ìyókù àná tó yẹ kó ti dànù, ó gún un fún jórinjórin. Ó ní òun rò pé nǹkan díẹ̀ á ṣì hàn. Irọ́ ni, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ìyá. “Bàbá tó dìde fún mi lórí àga yẹn?”

Ó ní bàbá yẹn ni, ó sì ní òun ò tíì parí. Àwòrán náà jáde ní bàìbàì. Ó fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè kó lè jọ àwòrán gidi. Nígbà tí dókítà bi í ìdí tí kò fi mọ́lẹ̀, ó ní oògùn pé, pé ọkùnrin náà ni kò dúró jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkùnrin náà di eyín pinpin, omijé ń ṣàn sí i létí, kò mi ìka. Dókítà ò rí àmì kankan, ó ní kó máa lọ, pé wàhálà iṣẹ́ ni. Jórinjórin fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ tó gún un lábẹ́rẹ́ mú, ó dúpẹ́ títí. Ó padà sídìí irin gbígbé. Àìsàn jẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dá. Ti ìyá ńkọ́? Kò sí nǹkan kan lára wọn rárá.

Ìyá wo ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé lápá wọn. “Wọ bàtà ẹ. Èmi kọ́ lo máa bẹ̀.”

Lórí ibùsùn onírin tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó ni wọ́n ti bá jórinjórin nílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń fi síbí bu omi sí i lẹ́nu. Ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìdín ọ̀kan kù, ó ní òun á tún un sọ níwájú dókítà, kí wọ́n ṣe òun bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Síbí bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó. Jórinjórin ò bínú, kò ṣépè. Ó kàn béèrè bóyá oògùn tuntun dé lọ́jọ́ kejì àyẹ̀wò náà. Ọmọ ní ó dé.

“Kí ló wá dé tó ò fi ní kí n padà wá?” ni ó bi í. “Ǹ bá padà wá.”

“Ẹ dárí jì mí, sà,” ni ọmọ ń sọ, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Ìyàwó gbójú sókè wo ìyá, bóyá wọ́n á gbé ọmọ wọn dìde. Ìyá náà ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.