Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Mi Gbọ́ Ohùn Mi

Ògo! Ẹ bá mi ké e: Ògo ni fún Ẹni tó dá etí, tó sì dá ohùn!

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ará, mi ò ní kánjú. Ẹ mọ̀ mí ní Ìkòròdú yìí, èmi tí mo ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé. Lọ́dún tó kọjá, iléèwé náà kógbá wọlé. Ilé sú mi. Ni àwọn kan lókè òkun bá ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa pa àlọ́ fáwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní fóònù kò ní ṣe é, torí mo ní láti máa fi àwòrán hàn wọ́n.

Àbúrò mi obìnrin fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ránṣẹ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí! Síkúrù márùn-ún péré, ó ti ṣí bí àpótí. Bátìrì ń yọ, ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ gan-an ń yọ bí eyín ọmọdé. Èyí tó bá bàjẹ́, òun nìkan la ó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ètò kankan nínú rẹ̀. Káyọ̀dé, ẹnjiníà inú ìjọ wa, ló bá mi fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i.

Mo ní, "Ta ló ni Linux yìí?"

Ó ní, "Gbogbo ayé ni, sà. Ẹni tó bá fẹ́ lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó sì tún un ṣe."

Olúwa ṣeun! Mo bi í ní ìbéèrè títí ó fi ní, "Ẹ jẹ́ kí n mumi, sà."

Wàhálà dé. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìyáàfin kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: "A ò gbọ́ yín o, sà. A ò sì rí yín." Mo pariwo, mo juwọ́. Òkùnkùn ni wọ́n ń wò! Ó kọ̀wé sí mi: "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbà ìkẹyìn. Ẹlòmíì ń dúró."

Káyọ̀dé sáré dé. Ó yọ Linux, ó tún fi í sí i padà, ẹ̀ẹ̀mẹta! Ó tún gbààwẹ̀ kún un. "Sà, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí kámẹ́rà, òun ò rí máìkì, bíi pé wọn ò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́rú, mo gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rẹ̀mí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, torí iná tiwọn kì í ṣe ségesège. Àǹtí wò ó yíká.

"Ọ̀rá wo nìyí lójú ẹ̀?"

"Tuntun ni, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kó ha."

"Oṣù mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́rá! Fìríìjì ìyàwó ẹ náà, ọdún mẹ́fà ló lò nínú ọ̀rá!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń ṣe é. Káyọ̀dé rí ọ̀rá náà, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ ọ̀rá ara nǹkan àgbàlagbà. Àǹtí fi èékánná ká a: ṣààà! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, bọ́tìnnì méjì yọjú, wọn ò tó hóró ìrẹsì Ìmọ̀ta.

"Kí nìwọ̀nyí?" Ó tì wọ́n sápá kejì.

Ojú kámẹ́rà là! Mo rí ara mi, mo rí Àǹtí lẹ́yìn mi, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Halelúyà!

Mo pe Káyọ̀dé, mo ròyìn bọ́tìnnì náà fún un. Ó ní, "Àwọn tó ṣe é ló fi wọ́n síbẹ̀, ọ̀kan fún kámẹ́rà, ọ̀kan fún máìkì, kẹ́nikẹ́ni má baà máa ṣọ́ yín, sà. Bẹ́ ẹ bá ti tì í pa, Linux ò lè rí nǹkan kan. Ta ló tì í?"

Èmi ni, ará! Ojoojúmọ́ ni mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rá tó ń ká sókè náà padà, àṣé bọ́tìnnì ni mo ń tì pa!

Lọ́jọ́bọ̀, ìyáàfin náà ní, "A ń gbọ́ yín ketekete, sà." Mo ní, "Ààlọ́ o!" Gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dáhùn: "Ààlọ̀!" Wọ́n gbà mí síṣẹ́!

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Ìwọ tó ò ń ké, tó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ẹ, má dákẹ́. Gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ọlọ́run, kó o sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Wọn yóò gbọ́ ohùn rẹ.