Ṣíìpù Tí Mo Yọ Lára Kọ̀ǹpútà Sìdíkátù

Ẹ má tíì wúre fún alága tuntun yín. Ẹ̀yin tí a jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòtún, ọ̀rọ̀ kan ti há èmi Àmúsà lọ́fun fún ọdún mẹ́ta. Bí n ò bá sọ ọ́ lónìí, n ò lè jókòó sórí àga yín. Obìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn, Sìdíkátù ni, tíṣà láti Ìdímù. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ti kú wá láàárọ̀ yìí. Kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Èmi ni mo pa kọ̀ǹpútà náà. Kíbọ́ọ̀dù lásán ló tìtorí ẹ̀ gbé e wá nígbà náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ti fi ìwàdùwàdù jó ṣíìpù kan nínú kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Charles, oníbàárà mi, irú kọ̀ǹpútà Sìdíkátù gẹ́lẹ́, ọkùnrin náà sì ti ń bọ̀ lọ́nà láti wá gbé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, ọpọlọ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan, kò rántí àná. Ibì kan péré ló mọ̀ tí yóò kọ́kọ́ yà sí, inú ṣíìpù kékeré yẹn. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ pé kó yẹ ara rẹ̀ wò, kó wá háàdì tí gbogbo ohun tá a tọ́jú wà nínú rẹ̀ kàn, kó jí àwọn yòókù. Láìsí i, fáànù á kàn máa yí, ojú á dúdú. Mo yọ ti Sìdíkátù, mo fi sí ti Charles. Àgbàyà ni mí.

Mo sọ fún Sìdíkátù pé, "Ọpọlọ ẹ̀ ti jóná." Ó ní, "Bọ̀dá Àmúsà, ohùn ìyá mi wà nínú ẹ̀, wọ́n ń sọ ìtàn fáwọn ọmọ mi. Wọn ò sí láyé mọ́. Ṣé ẹ ò lè bá mi yọ ọ́?" Inú háàdì ni ohùn náà wà, nǹkan kan ò ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tú u, yóò rí ojú ibi tí mo ti yọ ṣíìpù. Mo ní, "Tíṣà, ó ti lọ, ẹ má da ara yín láàmú mọ́." Ó sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o, lọ́wọ́ èmi olè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ ẹ bá ba nǹkan oníbàárà jẹ́, ẹ wí i lójú ẹsẹ̀ jàre. Mo ti fi ṣíìpù tuntun sínú kọ̀ǹpútà náà. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, ọwọ́ yín ni kó tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ó ń wá háàdì kàn. Ó ti tàn. Ẹ ṣí ohùn ìyá yín níbi tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí.

"Sìdí, ṣé o ti tẹ̀ ẹ́? Ṣé kí n máa sọ ọ́?"

Tíṣà, mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín sọ tiwọn tán.