Ìkíni Tó Kọ̀ Tí Kò Kúrò Lójú Kọ̀ǹpútà

Dọ̀kásì Fúnmiláyọ̀ Àbẹ̀ní, ọmọ Jóòbù Àlàó. Àbẹ̀ní ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sí lẹ́yìn, àfi níwájú. Adúmáadán ọmọ ẹlẹ́kọ. Àbẹ̀ní tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án bẹ Ọlọ́run kí ó tó fi í fún mi.

Ẹ̀yin ará, mo kọ́kọ́ kí i kí n tó kí yín, ẹ má bínú. Ẹni tó fi í fún mi, Òun náà ló gbà á, ọpẹ́ ni fún Un. Ó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó ń dùn mí yìí dé iwájú pẹpẹ láàárọ̀ òní. Ẹ bá mi ké halelúyà kan. Kò dún tó. Ẹ tún un ké. Ẹ ṣeun, ó dé ọ̀run báyìí.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí n má baà gbàgbé, ẹ bá mi mú sùúrù. Ẹ̀jẹ́ ni. Èmi àti Dọ̀kásì la jọ jẹ́ ẹ ní ọdún tí gbogbo ayé ń pariwo pé bí ọdún bá ti yí, gbogbo kọ̀ǹpútà ni yóò kú. Ẹ̀yin àgbà rántí. Alàgbà Sámúẹ́lì tiẹ̀ ní kí a ra kẹrosíìnì pamọ́, pé ayé fẹ́ ṣókùnkùn. A ní bí Ọlọ́run bá yọ wá nínú ohun tó bá wa, a ó dúró níwájú ìjọ, a ó sọ ọ́. A kò sọ ọ́. Ẹ̀bi mi ni. N ó sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá débẹ̀.

Ẹ̀kọ ni mo fi tọ́ ọmọ yẹn. Puraimari mẹ́ta ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Èmi fúnra mi ò kọjá puraimari mẹ́rin. Ìyá Sìfáwù ló ń bá wa lọ àgbàdo, Dọ̀kásì ló ń sẹ́ ògì. Bó ti ń fi ọwọ́ kan sẹ́ ẹ, ọwọ́ kejì ń di ìwé mú. N ó ní, “Dọ̀kásì, ògì ń kán sójú ìwé o.” Yóò ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí ìwé náà jẹun.” Títí dòní, bí ẹ bá ṣí àwọn ìwé rẹ̀ àtijọ́, ẹ ó rí ojú ògì tó ti gbẹ.

Ó kàwé kàwé, ó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bàbá Gbádébọ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọbìnrin tó ń jókòó tẹ tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ?” Nígbà tó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Ọlọ́runṣògo, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ni àwọn yóò fi dán an wò. Bàbá Gbádébọ̀ ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé e, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tán nìyẹn, kí ó padà wá sí Àkànràn, kí ó wá fẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ti bá a wá ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n bi mí ṣé mo gbà. Mo gbà. Ẹnu mi yìí ni mo fi gbà á.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kí ó ṣe ojú ewé kan sórí kọ̀ǹpútà, tí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yóò ti máa rí abúlé tí igi ẹ̀gẹ́ àti irúgbìn àgbàdo wà. Java ni wọ́n ń pe èdè tó fi kọ ọ́. Ọjọ́ kan tí a jókòó ń di ẹ̀kọ, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní, “Màámi, kì í ṣe ìwé tí a kọ tán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ sáfà. Bí ẹnì kan bá béèrè, sáfà ni yóò mú ohun tí mo kọ, yóò sè é, yóò gbé e fún oníbèérè.”

Mo ní, “Ẹlẹ́kọ nìyẹn.”

Ó ní, “Ẹlẹ́kọ gan-an ni. Àmọ́ tiwọn máa ń bínú.”

Ó máa ń bínú lóòótọ́. Bó bá gbàgbé àmì kékeré kan ní ìparí ìlà, sáfà yóò kọ̀. Bó bá fi lẹ́tà ńlá síbi tó yẹ kí kékeré wà, yóò kọ̀, yóò sì kọ nọ́ńbà síta. Bí Dọ̀kásì bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, n ó ní báwo niṣẹ́, yóò ní, “404 ni lọ́sẹ̀ yìí, Màámi.” Nígbà mìíràn, “500 ni.” Èmi rò pé nọ́ńbà orin ni! Mo ní ọmọ mi ti ń dá orin níbi iṣẹ́. Mo ṣí ìwé orin mi sí 404, mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀, mo ń kọ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní 404 ni pé sáfà ò rí ojú ewé tí ènìyàn béèrè, 500 ni pé inú sáfà fúnra rẹ̀ ló dàrú. Mo ní, “Ó dáa, orin náà kò sáà ba nǹkan jẹ́.”

Wàhálà tó wá fẹ́ lé e níṣẹ́ kò tiẹ̀ ní nọ́ńbà. Nígbà tó ń dán ojú ewé yẹn wò, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí orí rẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé, “Màámi, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀kọ.” Ó jáde dáadáa. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ síbẹ̀. Ó pe ojú ewé náà wò. “Màámi, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀kọ.” Ó padà wo ohun tó kọ: ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó tún pe ojú ewé: ó wà níbẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tan ẹ̀rọ. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ọjọ́ mẹ́rin. “Màámi, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀kọ.”

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, wá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní, “Dọ̀kásì, àwọn àlejò tó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, ṣé ìyá ẹ ni wọ́n ń wá kí? Bí nǹkan yìí bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó ẹrù ẹ.”

Sùnmọ́nù tó ń wa bọ́ọ̀sì Àkànràn ló bá a jíṣẹ́ fún mi: kí Màámi gbàdúrà. Kí n má parọ́ níwájú pẹpẹ, Bàbá Gbádébọ̀ ni ọkàn mi lọ bá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní wọ́n ti di ọmọ mi lọ́wọ́. Mo dárúkọ wọn nínú àdúrà, àdúrà tó gbóná. Wọ́n ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jì mí, kí àwọn náà forí jì mí.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo di ẹ̀kọ, mo dín àkàrà, mo gba omi àdúrà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ Rúùtù, mo wọ bọ́ọ̀sì Sùnmọ́nù. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn, kí ni mo rí? Bàtà! Wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ síwájú ilẹ̀kùn, bí ẹ ṣe ń tò wọ́n síta níbí yìí gan-an. Mo ní háà, ọmọ mi ò sọ fún mi pé ilé àdúrà lòun ti ń ṣiṣẹ́. Mo bọ́ tèmi, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ orin.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣílẹ̀kùn, Múráínà ni, ọmọ Làlúpọn, Múrí ni wọ́n ń pè é. Ó ní, “Ìyá, ẹ dìde o. Nítorí eruku ni. Ẹ̀rọ ò fẹ́ eruku.”

Mo ní, “Kì í ṣe ilẹ̀ mímọ́?”

Ó ní, “Ìyá, Mùsùlùmí ni mí, àwa náà máa ń bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n títí di àárọ̀ yìí, Ọlọ́run ò tíì sọ̀kalẹ̀ síbí.” Ó wo ìgò ọwọ́ mi. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi yẹn sílẹ̀ síta. Bó bá kán sí ẹ̀rọ, gbogbo wa la máa bá Dọ̀kásì lọ sí Àkànràn.”

Mo wọlé. Ọmọ mi jókòó síwájú ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ti wú. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo sì kà á fúnra mi, nítorí Yorùbá ni, puraimari mẹ́rin mi sì tó o. “Màámi, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀kọ.” Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí mi rí. Inú mi dùn, ẹkún sì ń gbọ̀n mí.

Dọ̀kásì ní, “Màámi, ẹ ti wá rí i? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ lé mi níṣẹ́.” Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ohùn rẹ̀ já.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun. Bí wọ́n ti ń jẹun, mo ń gbàdúrà nínú. N kò gbóhùn kankan, n kò ríran. Mo kàn ń wo ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ ọmọ mi ni. Ni mo bá bi í pé, “Nígbà tí sáfà yìí bá se nǹkan tán, ibo ló ń fi ìyókù sí?”

Múrí ní, “Ìyókù kẹ̀, Ìyá?”

Mo ní, “Àwa ẹlẹ́kọ, bí ògì bá ń kan láìnídìí, tí a yí àgbàdo padà, tí a yí omi padà, tí kò jáwọ́, kì í ṣe àgbàdo mọ́. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni. Ti àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́bẹ̀. Dọ̀kásì, ṣé mi ò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ha ìkòkò ni?”

Ọmọ náà gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó wo Múrí, Múrí wò ó. Ó ní òótọ́ ni, sáfà máa ń tọ́jú èyí tó ti sè sí ibì kan, kí ó má baà máa sè é lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n bó bá rí i pé òun ti kọ tuntun, ó yẹ kí ó da ti tẹ́lẹ̀ nù, kí ó se tuntun.

Mo ní, “Báwo ló ṣe ń mọ tuntun?”

Ó ní, “Ọjọ́ tí a kọ ọ́ ló máa ń wò, Màámi.”

Múrí ló kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ. Ó pariwo. Ẹ̀yin ará, ọdún tí ẹ̀rọ yẹn rò pé a wà, Dọ̀kásì ṣì ń rákò nínú yàrá mi! Bátìrì kékeré kan tí kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ ló kú nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí iná sì dé, ẹ̀rọ náà á padà sí ayé àtijọ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ọmọ mi ń kọ lónìí, sáfà rò pé ó ti gbó ju èyí tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò lọ. Ìkíni yẹn ló ń pè ní tuntun. Bàbá Gbádébọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Dọ̀kásì tún ọjọ́ ẹ̀rọ náà ṣe. Ó rí ibi tí wọ́n kó àwọn tó ti jinná sí. Ó fẹ́ pa á rẹ́, Múrí ní, “Dúró ná.” Ó tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń ké bí àgbàdo tó wà nínú ọlọ, ó sì tẹ ojú ewé náà sórí ìwé fún mi. Dọ̀kásì wá fa ọwọ́ mi sí bọ́tìnì kan. “Màámi, ẹ̀yin ni kí ẹ ha á.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó pe ojú ewé náà. Orúkọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀, mímọ́ tónítóní. Mo ké halelúyà, Múrí ké alihamudulilai, Dọ̀kásì dì mọ́ mi. Múrí lọ wá bátìrì kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́. Àwọn àlejò wá, wọ́n rí i, wọ́n yìn ín. Kò fẹ́ ará Ẹ̀gbẹ́dá. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bá ní àwọn tún nǹkan kọ tí kò yí padà, ó máa ń bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ti ha ìsàlẹ̀ ìkòkò?”

Kí ló dé tí a ò jẹ́ ẹ̀rí náà? Ní ìkórè ọdún yẹn, Bàbá Jeremáyà ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n yọ ọmọ wọn láàyè nínú kànga. Gbogbo ìjọ sunkún. Mo wo tèmi, mo ní ta ni yóò gbọ́ ẹ̀rí bátìrì lẹ́yìn ọmọ inú kànga? Ojú tì mí. Mo di ọwọ́ Dọ̀kásì mú, mo ní kí ó jókòó. Láti ọdún yẹn, bí ìkórè bá ti ń súnmọ́, yóò ní, “Màámi, ẹ̀rí wa ńkọ́?” N ó ní, “Ó di ọdún tó ń bọ̀.” Ó bi mí lọ́dún tó kọjá. Ohun kan náà ni mo sọ.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́jọ ló mú un lọ.

Ìwé tí Múrí tẹ̀ fún mi nìyí, ojú 404 nínú ìwé orin mi ló ń gbé. Tàdáwà rẹ̀ ti ṣá, ẹ̀yin ò ní rí i láti ibi tí ẹ jókòó, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn ṣẹ̀sín o. Bí mo bá jí láàárọ̀ báyìí, èmi náà máa ń gbàgbé ọdún tí a wà. N ó pe Dọ̀kásì kí ó wá sẹ́ ògì.

Ọlọ́run tó yọ ọmọ láti inú kànga, Òun náà ló yọ tèmi lórí ohun tó kéré bíi bọ́tìnì, Ó sì fún mi ní gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ fò sókè, ẹsẹ̀ mi ni kò jẹ́ kí n fò. Dọ̀kásì, mo ti jẹ́ ẹ̀rí wa.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n sin ín, ní Àkànràn, lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ìyá kì í wo sàréè ọmọ. Èmi ò lọ síbẹ̀.