Àpò Lẹ́tà Abẹ́rẹ́

Irọ́ ti jókòó pẹ́ lórí àga òtítọ́. Lónìí ni n óò ní kí ó dìde. Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin kọ́ńtírì tí ẹ ń pàdé ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, tí ẹ ń dé akẹtẹ̀, tí ẹ ń wọ bàtà bùútù nínú oòrùn, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Kí ẹnì kan kà á sókè kí gbogbo yín gbọ́. Èmi ni mo máa ń ta gìtá lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ nígbà tó ń kọrin lórí rédíò. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà. Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí a sin ín.

Mo wá sí ìpàdé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jókòó sẹ́yìn, ẹ kò dá mi mọ̀. Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1991 sínú ẹ̀rọ, ẹ ń mi orí, ẹ ní ariwo lásán ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pa. Nígbà tó kan orin Abẹ́rẹ́, ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe na ọwọ́, ó pa á. Ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Agbéraga obìnrin! Ṣebí òun ló kọ̀wé sí wa pé ká má yọ òun lẹ́nu mọ́?" Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní, "A kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa o." Ó ní, "Èmi kọ́. Òun ló kọ́kọ́ sin wá." Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dìde kí n gbá a létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo fẹ́ fi gbá a ni ọwọ́ tó kọ lẹ́tà náà.

Nígbà yẹn, èmi ni akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Ètò orin kọ́ńtírì ní òfin kan: Ọjọ́bọ̀ ni a ń ka iye lẹ́tà olùgbọ́. Olórin tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá pé mẹ́wàá lóṣù, a óò gbé téèpù rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Èmi nìkan ló ń kà á. Èmi àti àbúrò mi sì wà nínú àwọn olórin náà. Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò ni wọ́n ń pè wá. Aránṣọ ni àbúrò mi. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín, ó sì ń gún ni lọ́kàn, ni àwọn olùgbọ́ fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Èmi ni mo kọ orin ẹṣin arúgbó tí ẹ máa ń sunkún sí yẹn. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá dé, tirẹ̀ ni. "Ẹ bá wa kí Abẹ́rẹ́." "Abẹ́rẹ́ pa mí lẹ́kún." Nínú igba lẹ́tà, ọ̀kan ṣoṣo ló dárúkọ gìtá: "Ẹ sọ fún onígìtá yẹn kó rọra, a kò gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń wí." Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Ẹ wo ohun tó sọ mí di ọmọdé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà rẹ̀ sínú àpò kan lábẹ́ tábìlì mi. Ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò yọjú lẹ́nu ọ̀nà, fọ́nrán òwú lára aṣọ rẹ̀. "Bọ̀dá, mélòó ló wá?"

"Méjì."

"Méjì náà ló wá lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Etí ayé ti yí padà, àbúrò mi." Àpò náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n gbé téèpù wa kúrò. Ó délé, ó yí ojú rédíò rẹ̀ sí ògiri, kò sì gbọ́ ètò náà mọ́ títí ayé. Èmi dá kọrin lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò wá fún mi.

Ti Abẹ́rẹ́ kò dúró. Ẹ ń bèèrè Abẹ́rẹ́ títí àpò fi kún. Àwọn kan ní àwọn ń bọ̀ ní ilé-iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ táìpù ilé-iṣẹ́ wa, mo kọ̀wé lórúkọ rẹ̀. Olóòtú ètò wo ìwé náà, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, aránṣọ wo ló ní ẹ̀rọ táìpù nílé?" Mo ní, "Ṣáà kà á." Ó ní, "Ó dáa, ọ̀rọ̀ ẹbí yín ni." Ó sì kà á lórí afẹ́fẹ́: "Orin ti sú mi, ẹ̀yin náà sì ti sú mi. Ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́."

Ẹ gbà á gbọ́! Ọgbọ̀n ọdún ó lé, ìsọ̀ rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ sí ibi tí ẹ ti ń pàdé, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú yín tó rìn débẹ̀ láti bi í léèrè. Àwọn obìnrin ń kọjú sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n bá pàdé rẹ̀. Oníbàárà kan wá gba aṣọ tí kò tíì rán tán. Òun rò pé orin òun ni wọ́n kórìíra. Ìwà òmùgọ̀ yín kò sì wẹ̀ mí mọ́. Èmi ni mo gbẹ́ kòtò, ẹ̀yin kàn jìn sí i ni.

Èyí tó burú jù kò tíì jáde. Ọ̀sẹ̀ tí yóò kú, èmi nìkan ló wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má tàn mí, mo ti ń lọ. Ṣé ohùn mi burú tó bẹ́ẹ̀ ni?" Àpò náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi nílé. Ǹ bá sáré lọ gbé e. Mo ní, "Ó dára díẹ̀."

Díẹ̀! Létí ibojì, mo ṣì ń ṣahun sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Díẹ̀ náà dáa. Ẹ ṣé, Bọ̀dá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀bùn àbúrò yín bá ju tiyín lọ, ẹ rọra ta gìtá yín. Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹ má tètè fún mi. Àpò náà nìyí pẹ̀lú ìwé yìí, ẹyọ lẹ́tà kan kò dín. Kí olúkúlùkù wá ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀, kí ó mú un lọ sí ìsọ̀ Abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nídìí máṣìn báyìí. Ó gbà pé ìyá òun kò mọ orin kọ. Ẹ kà á fún un. Ẹni tó kọ̀wé nípa onígìtá, bí ó bá ṣì wà láyé, òun ni kó kọ́kọ́ kà. Òótọ́ ló sọ.